“Ibí” ti Nginx kọ́ ni “ibí” ti Gunicorn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹ fi Nginx (tó ń gba àlejò wẹ́bùsáìtì lẹ́nu ọ̀nà) sínú kọ̀nténà kan (yàrá ọ̀tọ̀ tí Docker ń kọ́ fún ètò kọ̀ǹpútà), ẹ fi Django (tí ẹ fi kọ wẹ́bùsáìtì) àti Gunicorn (tó ń gbé Django dìde) sínú òmíràn, PostgreSQL, dátábéèsì yín, wà nínú ẹ̀kẹta. Ẹ ní lórí láptọ́ọ̀pù, láìsí kọ̀nténà, gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege, àmọ́ lórí sáfà, 502 Bad Gateway (Nginx kò rí èsì gidi gbà lọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀) ni gbogbo ojúewé ń gbé jáde, ẹ sì ń rò ó pé kí ẹ kó Docker dànù. Ẹ má tíì kó o dànù. Ohun tó ń ṣe yín yìí ṣe mí fún odidi ọjọ́ mẹ́ta ní ọ́fíìsì wa ní Mọ́kọ́lá.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà náà, ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ọlọ́jà kan ni. Wọ́n fẹ́ máa wo iye tí wọ́n ti dá àti gbèsè tó kù lọ́rùn wọn lórí fóònù. A ti sọ fún wọn pé ọjọ́ Ajé ni yóò bẹ̀rẹ̀. Láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀hún, ìyá tó jẹ́ akápò wọn pè mí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí ló ń jẹ́ bad gateway? Ṣé wọ́n ti kó owó wa lọ ni?” Mo ní, “Rárá o, mà, owó yín wà níbẹ̀.” Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ohun tí mo wá ṣe lọ́jọ́ náà, ẹ má dán an wò. Mo ń pa kọ̀nténà, mo ń tún un gbé dìde, bí ìgbà tí èèyàn ń gbá tẹlifíṣọ̀n létí kó lè mọ́lẹ̀. Mo pààrọ̀ ẹ̀yà Python. Mo pààrọ̀ ẹ̀yà Nginx. Bẹ́ẹ̀ lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀) wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mi ò kà á. Ìgbà tí mo tó kọ `docker compose logs nginx`, ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé:

`connect() failed (111: Connection refused) while connecting to upstream`

Nọ́ńbà 111 yẹn ni kí ẹ mú. Ohun tó ń sọ ni pé Nginx dé ojúlé tí wọ́n rán an lọ, ó kan ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. 127.0.0.1, tàbí localhost, kì í ṣe orúkọ ibì kan pàtó. “Ibí” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí mo bá dúró ní Dùgbẹ̀ tí mo ní “ẹ wá bá mi níbí”, Dùgbẹ̀ ni mò ń wí. Bí ẹ bá dúró ní Ọ̀jọ́ọ̀ tí ẹ sọ gbólóhùn kan náà, Ọ̀jọ́ọ̀ ni. Kọ̀nténà kọ̀ọ̀kan ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀, nítorí náà ó ní “ibí” tirẹ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù yín, inú yàrá kan náà ni Nginx àti Gunicorn jọ wà, ibí ti ọ̀kan ni ibí ti èkejì. Nígbà tí ẹ wá pín wọn sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, `proxy_pass http://127.0.0.1:8000;` ń rán Nginx lọ sínú yàrá ara rẹ̀, níbi tí Gunicorn kò gbé rí.

Mo tún ìyẹn ṣe. Mo kọ `http://app:8000`, torí `app` ni orúkọ tí mo fún Django nínú compose.yaml, fáìlì tí a fi ń to àwọn kọ̀nténà. Mo tún ojúewé ṣí. 502. Nọ́ńbà 111 kan náà. Ọjọ́ kejì ti lọ nìyẹn.

Gunicorn ni mi ò fura sí. Bí ẹ ò bá sọ ibi tí yóò jókòó sí fún un, 127.0.0.1:8000 ló ń jókòó sí (àfi bí ẹ bá ti fún un ní PORT láàárín àyíká kọ̀nténà). Ìyẹn ni pé ẹni tó bá wà nínú yàrá òun fúnra rẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn. Nginx ń kan ilẹ̀kùn láti ìta, òun ò gbọ́. Ìyá àgbà méjì ni wọ́n jọ ń pàdé ní “ibí”, tí kálukú jókòó sílé tirẹ̀ tó ń bínú pé èkejì ò wá. Bí a ṣe tún un ṣe nínú Dockerfile (ìlànà tí Docker fi ń kọ́ kọ̀nténà) nìyí:

`CMD ["gunicorn", "ajo.wsgi:application", "--bind", "0.0.0.0:8000"]`

0.0.0.0 túmọ̀ sí pé láti ojú ọ̀nà yòówù kí wọ́n ti kàn án, kó dáhùn. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn pé ìyẹn ti ṣí i fún gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá kọ `ports` (pọ́ọ̀tù tí a ṣí sí ìta) fún `app` nínú compose.yaml, àwọn kọ̀nténà tí wọ́n jọ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ló lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nginx nìkan ló nílò `ports`. EXPOSE tí ẹ kọ sínú Dockerfile kò sì ṣí nǹkan kan, àkọlé ara ògiri lásán ni.

Kí ẹ tó gbà mí gbọ́, ẹ fi curl, àṣẹ tó ń béèrè ojúewé, dán an wò láti inú yàrá Nginx gan-an:

`docker compose exec nginx curl -i http://app:8000/`

Bí ẹ bá rí “Connection refused”, Gunicorn ṣì jókòó sí ibí tirẹ̀. Bí ẹ bá rí 400 Bad Request, ẹ má bínú, ẹ yọ̀! Django ló dá yín lóhùn yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ “app”, torí kò sí nínú ALLOWED_HOSTS, àwọn orúkọ tí a ní kí Django gbà. Kí Nginx máa gbé orúkọ tí oníbàárà tẹ̀ lọ bá a ni ẹ nílò: `proxy_set_header Host $host;`. Àti pé, ẹ má sọ kọ̀nténà Django yín ní `django_app`. Django kì í gba orúkọ tó ní ìlà ìsàlẹ̀ (_) nínú gẹ́gẹ́ bí Host, èèyàn á kàn máa wá ohun tí kò sọnù.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yín parí síbẹ̀ yẹn. Tèmi ò parí.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, mo tún nǹkan díẹ̀ ṣe nínú Django, mo kọ `docker compose up -d --build app`, mo lọ jẹ àmàlà. Kí n tó fọ ọwọ́ tán, ìyá akápò ti pè. 502 ti padà dé. Ohun tó wá rú mi lójú ni pé curl tí mo ṣe láti inú yàrá Nginx ń rí Django dáadáa, Nginx fúnra rẹ̀ ni kò rí i.

Ní Ìbàdàn níbí, àwa mélòó la fi nọ́ńbà ilé ń wá èèyàn? Orúkọ la fi ń béèrè: “Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilé Alhaja oníṣu?” Docker náà ní ẹni tó mọ ilé gbogbo wọn. Ó wà ní 127.0.0.11 nínú gbogbo kọ̀nténà tí Compose gbé dìde, òun ló ń sọ ibi tí `app` ń gbé. Curl ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ jáde. Nginx ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń béèrè, nígbà tó bá ń jí, ó sì ti há a sórí. Bí mo ṣe tún `app` kọ́, Docker wó èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ó gbé tuntun dìde, tuntun sì lè gba àdírẹ́sì mìíràn. Ilé tí Alhaja ti kó kúrò ni Nginx ń kàn.

Èyí tó yá jù ni `docker compose exec nginx nginx -s reload` lẹ́yìn gbogbo àtúnkọ́. Mo gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá jáwọ́ nínú fífi orí mi ṣe ìdánilójú. Ohun tí mo kọ nìyí:

```
location / {
    resolver 127.0.0.11 valid=10s;
    set $ile_app http://app:8000;
    proxy_set_header Host $host;
    proxy_pass $ile_app;
}
```

Nítorí pé àdírẹ́sì wà nínú `$ile_app`, Nginx kò lè há a sórí. Ní ìṣẹ́jú àáyá 10-10 ni yóò máa tún un béèrè. Láti ẹ̀yà 1.27.3, Nginx ọ̀fẹ́ náà ti gba ọ̀rọ̀ `resolve` nínú `upstream`, àmọ́ ọ̀nà àtijọ́ yìí ni mo ṣì ń lò, torí ó ti mọ́ mi lára.

Èrè mìíràn wà nínú rẹ̀ tí mi ò retí. Sáfà wa nígbà náà, kọ̀ǹpútà kékeré kan lábẹ́ tábìlì ni, lórí inverter tí bátìrì rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀. Iná lọ lóru ọjọ́ kan, inverter náà kú, iná dé láàárọ̀, kọ̀ǹpútà jí, ṣùgbọ́n wẹ́bùsáìtì kò jí. Mo ti kọ `depends_on`, mo rò pé ìyẹn tó: PostgreSQL á kọ́kọ́ dìde, Django á tẹ̀lé e, Nginx á kẹ́yìn. Ṣé ẹ rí i, `docker compose up` ló ń tẹ̀lé ètò yẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá kú tó tún jí, Docker fúnra rẹ̀ ló ń gbé kọ̀nténà dìde, kò sì mọ ohunkóhun nípa `depends_on`. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ni yóò kọ́kọ́ dìde. Nginx jí, ó béèrè `app`, `app` kò tíì sí, ó kọ `host not found in upstream "app"`, ó sì jáde. Mo ti kọ `restart: unless-stopped` fún Nginx, n kò kọ ọ́ fún `app`, nítorí náà `app` sùn títí mo fi dé, Nginx sì ń jí, ó ń jáde, láìdáwọ́dúró. Pẹ̀lú `$ile_app`, Nginx kì í béèrè nígbà tó bá ń jí mọ́. Ó ń dìde, ó ń fún èèyàn ní 502 fún ìwọ̀nba àkókò tí Django fi ń múra, ó parí. Ẹ kọ `restart: unless-stopped` fún gbogbo wọn pẹ̀lú o.

Iná yẹn ló jẹ́ ká lọ yá sáfà ní òkè òkun. Níbi tí mo ti wá gbà pé kọ̀nténà dára nìyẹn, torí àtikó lọ gbà mí ní ọ̀sán kan péré. Ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe ohun tó burú jù. Mo ti kọ `"5432:5432"` fún PostgreSQL látìgbà tí a wà lábẹ́ tábìlì, kí n lè máa yẹ̀ ẹ́ wò láti orí láptọ́ọ̀pù. Mo fi ufw (ètò ààbò tó ń ṣọ́ pọ́ọ̀tù) ti gbogbo pọ́ọ̀tù àyàfi 22, 80 àti 443, mo sùn. Nígbà tí mo wo lọ́ọ̀gì dátábéèsì lọ́jọ́ kẹta, `password authentication failed for user "postgres"` ló kún ibẹ̀, láti àdírẹ́sì tí mi ò mọ̀ rí. Docker ń kọ òfin tirẹ̀ sínú iptables, ibi tí òfin ìdènà Linux wà. Pọ́ọ̀tù tí ẹ bá kọ sábẹ́ `ports`, kì í gba ẹnu ọ̀nà tí ufw ń ṣọ́ kọjá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé páswọ́ọ̀dù náà gùn. Ẹ yọ ìlà yẹn kúrò, tàbí kí ẹ kọ ọ́ ní `"127.0.0.1:5432:5432"`. Níbí yìí, “ibí” wúlò.

Àwọn tó kù, kí n yára mẹ́nu bà wọ́n. Bí ojúewé bá dé láìní aṣọ lára, Gunicorn kì í gbé CSS jáde: ẹ ṣe `collectstatic` (àṣẹ Django tó ń kó CSS jọ) sínú volume (àpótí fáìlì tí kọ̀nténà lè jọ lò) tí Nginx náà lè rí. Bí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù bá ń fún yín ní 413, mẹ́gábáìtì 1 ni Nginx ń gbà tí ẹ ò bá fi `client_max_body_size` sọ ọ́. Lọ́ọ̀gì Docker kò ní òdiwọ̀n fúnra rẹ̀, ẹ fún un ní `max-size`, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò kún dísíkì. `docker compose down -v`, ẹ jẹ́ kí `-v` yẹn bà yín lẹ́rù, dátà ló ń gbé lọ.

Fún tiyín báyìí: ẹ ṣe curl yẹn láti inú yàrá Nginx, kí ẹ sì kó ìlà mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn nínú lọ́ọ̀gì rẹ̀ wá, pẹ̀lú ìlà tí ẹ fi ń gbé Gunicorn dìde. Bí nọ́ńbà tí ẹ bá níbẹ̀ bá jẹ́ 113 dípò 111, ọ̀rọ̀ Alhaja tó kó kúrò nílé ni. Ẹ yọ páswọ́ọ̀dù kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ o.