Kí ni "bí ìlù bá yí padà, ijó á yí padà" ń sọ gan-an?

Àbúrò tó béèrè yìí, o ní ọ̀gá ẹ ló pa òwe yìí nígbà tó o fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀, o wá ń rò ó pé ṣé ó ń bú ẹ ni, pé o ò dúró sójú kan. Jẹ́ n wí tèmi.

Lágbo ijó, onílù ló máa ń kọ́kọ́ yíwọ́. Tí ìyálù bá ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ tó o ṣì ń gbẹ́sẹ̀ ti àná, ìwọ lèrò máa fi rẹ́rìn-ín. Etí oníjó ni òwe yẹn ń wò, bóyá ó gbọ́ pé ìlù ti yí.

Ẹni tí mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ ẹ̀, ará Amẹ́ríkà ni o, Buddy Ebsen, 1908 ni wọ́n bí i. Bàbá ẹ̀ ló ń kọ́ èèyàn níjó, ibẹ̀ lòun àti Vilma àbúrò ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ló bá gba New York lọ ní 1928, àwọn méjèèjì wá ń jó nínú vaudeville, ìyẹn eré orí ìtàgé tí olórin á ṣe tiẹ̀, aláwàdà á ṣe tiẹ̀, onídán á tẹ̀ lé e, gbogbo ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ga gbọ̀ọ̀rọ̀, tó bá ń jó wàá rò pé orúnkún ẹ̀ ti tú.

Sinimá tó ń sọ̀rọ̀ dé, ọjà vaudeville dà rú. Ebsen bọ́ sí sinimá, ó bá Shirley Temple, ọmọdébìnrin òṣèré tó lókìkí nígbà náà, jó nínú Captain January ní 1936. Wọ́n tún fún un ní ipa ọkùnrin onítánganran nínú The Wizard of Oz, àmọ́ ìyẹ̀fun aluminium ni wọ́n ń kùn ún lójú, ó ń fà á símú lójoojúmọ́ títí kò fi lè mí mọ́, ó di ọsibítù (àtíkè lásán fẹ́ẹ̀ pa oníjó!). Jack Haley ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, tiẹ̀ ni wọ́n wá pò bí ọ̀dà.

Nígbà tó yá, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ wá oníjó mọ́. Kò bá wọn jà. Ó ń ṣe ọ̀rẹ́ olórí eré, ó ń ṣe bàbá ará oko, títí ó fi di Jed Clampett lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1962 sí 1971, tálákà tó rí epo rọ̀bì lórí ilẹ̀ ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú Barnaby Jones títí di 1980. Ọ̀pọ̀ tó mọ Jed ò mọ̀ pé oníjó ni, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn ò kúrò lára ẹ̀, torí nígbà tí Walt Disney, ọ̀gá tó ń ṣe sinimá àwòrán Mickey Mouse, fẹ́ ṣe ọmọláńgidi tó ń dá jó, Ebsen ló pè kó wá jó níwájú pátákó onílà kí wọ́n lè wo ìṣísẹ̀ ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ mi ò ní tàn ẹ́, òwe yẹn lójú kejì. Tẹ́nì kan bá yíwà padà sí ẹ, o lè fi dá a lóhùn pé ìwọ náà máa yí tìẹ, ìhàlẹ̀ nìyẹn. Torí náà rántí ojú tí ọ̀gá fi sọ ọ́. Tó bá rẹ́rìn-ín, ó yọ̀ǹda ẹ nìyẹn. Tó bá fajú ro, lọ wò ó bóyá o ṣì jẹ ẹ́ lówó.