Ta ló ń kọ́ kwáyà ńlá Chicago lórin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé ìwé ìròyìn. Mo rí kwáyà Chicago Symphony lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn rẹpẹtẹ tó tò sẹ́yìn okẹ́sítírà, orin wọn sì wọ̀ mí lára gan-an. Ta ló dá a sílẹ̀, kí ni wọ́n ti gbé ṣe, àti pé ṣé adarí tó dúró níwájú yẹn náà ló ń kọ́ wọn lórin? (Ọmọ kwáyà kan)

ÌDÁHÙN: A kí yín o, ọmọ kwáyà. Ìbéèrè tẹ́ ẹ fi kádìí yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Rárá o, ẹni tẹ́ ẹ rí tó ń ju ọ̀pá níwájú kọ́ ló kọ́ wọn. Ẹlòmíì ló ti bá wọn fà á ṣáájú, tó fi jẹ́ pé tí adarí okẹ́sítírà bá máa fi dé, orin ti mọ́ wọn lẹ́nu, ìwọ̀nba rìhásà ló kù. Ní Chicago, obìnrin kan ló ṣe iṣẹ́ yìí fọ́dún 37, Margaret Hillis lorúkọ ẹ̀, ó sì máa ń ká mi lára pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ràn orin wọn ò mọ̀ ọ́n rárá.

Fritz Reiner tó ń darí okẹ́sítírà náà ló pè é lọ́dún 1957 pé kó wá dá kwáyà tó máa jẹ́ tiwọn sílẹ̀, torí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ ṣe orin tó ní akọrin nínú, ẹgbẹ́ akọrin ìta ni wọ́n máa ń lọ bẹ̀. Nígbà tó fi di March 1958 wọ́n ti kọ Requiem Mozart, ìyẹn orin Máàsì fún òkú, Bruno Walter ló darí ẹ̀.

Kí Hillis tó débẹ̀, ó ti kọ́ àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní wíwa bàálù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Okẹ́sítírà ló wù ú láti darí, ṣùgbọ́n olùkọ́ ẹ̀ sọ fún un pé kò sáàyè fóbìnrin nídìí ẹ̀, kó yáa gba ìdí kwáyà lọ. Ó sì gbà. Àfi bó ṣe di October 1977 tí Georg Solti tó ń darí okẹ́sítírà náà nígbà yẹn farapa, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ Símfónì Kẹjọ Mahler ní Carnegie Hall ní New York, orin tó gba àdákọ mẹ́jọ, kwáyà ńlá méjì, kwáyà ọmọdé àti okẹ́sítírà bàǹbà, ni Hillis bá gorí pèpéle ó darí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò rò pé ẹnì kankan lè tún sọ pé kò sáàyè lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nínú ohun tí olùkọ́ kwáyà ń ṣe. Ibi tí ohùn ti gùn tí kò já yẹn, ńṣe ni wọ́n máa ń pín èémí: ìwọ àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan náà, àárín ọ̀rọ̀ ni kó o ti yọ́ mí, kó o rọra wọlé padà. Ẹ tún wo “s” tó gbẹ̀yìn Sanctus (“Mímọ́” lédè Látìn), tí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá pè é lásìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ariwo ṣììì lásán lẹ máa gbọ́, torí náà kálukú á fi pẹ́ńsùlù sàmì sínú ìwé orin, ibi tí gbogbo wọn á ti pa á dé pọ̀. Iṣẹ́ tó ń súni ni o, ìyàtọ̀ sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀bùn Grammy ti akọrin máa ń kan adarí àti ẹni tó kọ́ kwáyà, Hillis sì gba mẹ́sàn-án. Àkọ́kọ́ ni Requiem Verdi pẹ̀lú Solti, lọ́dún 1978. Lọ́dún 1994 Duain Wolfe gbapò lọ́wọ́ ẹ̀, nígbà tó di 2011 orin Verdi yìí kan náà ló tún gba Grammy kẹwàá fún kwáyà náà, Riccardo Muti ló darí.

Ẹ wá méjèèjì gbọ́ tẹ̀ léra, ti 1978 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kẹ́ ẹ sì fi etí sí báwọn akọrin ṣe rọra bẹ̀rẹ̀ kí Dies irae, ibi tí wọ́n ti ń fi ohùn líle kọrin ọjọ́ ìbínú, tó já lulẹ̀.