Níbo ni mo ti lè ra ojúlówó jẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù?

Ìbéèrè: Mò ń bọ̀ wá kí ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹjọ. Jẹ́sì Arsenal tí orúkọ Saka wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ mi, ọmọ ọdún 13, ń bẹ̀ mí fún. Chelsea sì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Níbo ni kí n lọ tí wọn kò fi ní ta ayédèrú fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, mà. Àlejò ni mo ń mú káàkiri Lọ́ńdọ̀nù, ìbéèrè yìí kì í sì í wọ́n lẹ́nu àwọn òbí. Ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ti Arsenal ń jẹ́ The Armoury, ó wà lára pápá Emirates. Ẹ wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ Piccadilly, kí ẹ sọ̀ ní ibùdó tó ń jẹ́ Arsenal. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rin èyí tó kù. Ti Chelsea wà ní Stamford Bridge, ní Fulham Broadway lórí ìlà District.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Èrò á pọ̀ débi pé ẹ ò ní ráyè yẹ ọjà wò. Àwọn tó ń pàtẹ lójú títì lọ́jọ́ náà, ẹ lè ra síkáàfù lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ra jẹ́sì.

Ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi téèpù wọn àyà ọmọ náà kí ẹ tó kúrò nílé, torí bí wọ́n bá ti tẹ Saka àti 7 sẹ́yìn jẹ́sì, wọn kì í sábà gbà á padà mọ́. Bí ìwọ̀n ọmọdé bá ṣì gbà á, òun ni kí ẹ mú: ìjọba kì í gba owó orí ọjà, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí aṣọ ọmọdé. Ti bàbá rẹ̀ ní owó orí tirẹ̀ nínú, kò sì sí ẹni tó máa dá a padà fún yín ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ti fòpin sí ìyẹn láti ọdún 2021.

Irú jẹ́sì méjì lẹ ó bá lórí igbá. Èyí tó dà bíi tàwọn agbábọ́ọ̀lù gan-an máa ń fún mọ́ ara, ó sì wọ́n. Ti olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ni kí ẹ rà fún àwọn méjèèjì. Bí owó bá fẹ́ há, ẹ béèrè ti sáà tó kọjá, torí wọ́n máa ń já owó rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí tuntun bá ti jáde, ojúlówó náà sì ni.