Èsì: Abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà fún ẹ̀yìn tó ń dun Màmá

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹnì kan júwe ibi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ Ṣáínà (abẹ́rẹ́ tín-ínrín tí kò ní oògùn nínú, tí wọ́n ń gún mọ́ ara) ní Wuse fún yín, pé wọ́n tún máa ń fúnni ní àgbo, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ gbé Màmá lọ.

Ti abẹ́rẹ́ ná. Àwọn dókítà Jámánì dán an wò lára èèyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ń dùn, èsì rẹ̀ jáde ní 2007. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara tu ìdá 47.6 nínú 100 àwọn tí wọ́n gún bí ìlànà Ṣáínà ṣe wí. Àwọn tí wọ́n kàn gún fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ níbi tí kò yẹ, 44.2. Àwọn tó gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn nìkan, 27.4. Ẹ rí i pé ara tù wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ wọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan! Tí Màmá bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀, kí wọ́n ṣáà tú abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín.

Àgbo yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Mi ò kórìíra ewé o. Inú ewé Ṣáínà ni Tu Youyou, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Ṣáínà, ti rí artemisinin tó wà nínú oògùn ibà wa. Ṣùgbọ́n ewé Ṣáínà mìíràn tí wọ́n fi ń dín sísanra kù ní Bẹ́ljíọ̀mù ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́. Màmá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àgbo sì lè ta kò ó. Tí wọn ò bá kọ ohun tó wà nínú àgbo sára ìgò, ẹ má gbà á. Tí ẹsẹ̀ wọn bá sì ń kú, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ.