Onílé fowó lé owó ilé: ká san án ni, àbí ká kó jáde?

Ìbéèrè: Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo ń gbé ní Agége, ₦500,000 lọ́dún. Lánlọ́ọ̀dù ní kó di ₦900,000, kí n sì san ti ọdún méjì pọ̀. Mo ti rí ilé ₦600,000 ní Àgbádó. Ṣé kí n kó lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì di ẹrù o. Òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Ìkòyí, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà ni òfin yẹn yọ sílẹ̀; ti Agége kò sí níbẹ̀.

Ó kan Àgbádó. 10% ni ajẹ́ǹtì máa ń gbà, 10% ni ti ágírímẹ́ǹtì: ₦120,000. Ẹ fi kọ́ṣọ̀n (owó tó yẹ kí wọ́n dá padà bí ẹ bá ń kó jáde tí nǹkan kan ò bàjẹ́) ₦50,000 àti ọkọ̀ akẹ́rù ₦60,000 kún un, ọdún àkọ́kọ́ ti di ₦830,000. Bí owó ọkọ̀ yín bá fi ₦600 lé lójúmọ́, fún ọjọ́ 22 lóṣù, ₦158,400 tún nìyẹn lọ́dún. Àpapọ̀ ọdún méjì jẹ́ ₦1,746,800, ìyẹn ₦873,400 lọ́dún kan. (A ò yọ kọ́ṣọ̀n kúrò. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó jáde ni wọ́n máa rántí pé èéfín ìdáná yín ba ògiri jẹ́.) Bí onílé bá gbà ₦750,000, ẹ jókòó síbi tí ẹ wà.

Kí ẹ tó lọ bá a, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń san fún irú yàrá yín ní ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ládùúgbò. Ohun tí kóòtù náà máa wò nìyẹn bí ẹ bá pẹjọ́ pé àfikún ti pọ̀ jù. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó máa ń bá èèyàn parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kọ́kọ́ gba ibẹ̀.

Ẹ má torí ìjà jẹ owó ilé. Rìsíìtì ni kí ẹ ṣọ́: ẹ lè san ₦500,000 kí onílé kọ “ó ku ₦400,000” sísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbà á bẹ́ẹ̀, ó lè sọ ọ́ di gbèsè sí yín lọ́rùn. Ọjọ́, orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, àdírẹ́sì, iye owó àti àsìkò tó wà fún ló yẹ kó wà lórí ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni owó ilé ń dín owó orí kù?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, láti January 2026. 20% owó ilé ọdún kan ni wọn yóò yọ nínú owó tó ń wọlé fún yín kí wọ́n tó ṣírò owó orí, àmọ́ iye tí wọ́n máa yọ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Lórí ₦750,000, ₦150,000 ni wọ́n máa yọ. Bí owó orí yín bá wà ní 15%, ₦22,500 ló máa dín kù.