Bọ́tìnnì Tí Kò Dọ́gba

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo ń ṣe áàpù Android fún àwọn tó ń ta gààrí Ìjẹ̀bú. Mo fún bọ́tìnnì méjì, “Rà” àti “Wo iye owó gbogbo rẹ̀”, ní layout_weight 1 (nọ́ńbà tó ń sọ ìpín àyè tí ohun kan yóò gbà) nínú LinearLayout kan (àpótí tó ń to nǹkan sórí ìlà kan), síbẹ̀ èkejì fẹ̀ ju èkíní lọ. Kí ló fà á?
Òǹkàwé kan, Ṣágámù.

Ìdáhùn: Ó jọ pé wrap_content (“fẹ̀ mọ bí ohun inú rẹ bá ṣe fẹ̀”) ni ẹ fi sí layout_width wọn, ìyẹn ìbú wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Android yóò kọ́kọ́ fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní àyè tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń fẹ́, àyè tó bá ṣẹ́ kù nìkan ni yóò sì pín dọ́gba, nítorí náà, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn ti gba tirẹ̀ kí ìpín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ layout_width méjèèjì di 0dp (dp ni ìwọ̀n tí Android fi ń wọn nǹkan lójú fóònù), kí gbogbo àyè lè wọ inú ìpín. Nígbà náà, lórí ìlà tó fẹ̀ tó 360dp tí kò ní àlàfo, bọ́tìnnì méjì tí layout_weight wọn jẹ́ 2 àti 1 yóò gba 240dp àti 120dp. Bí ẹ bá tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, layout_height, ìyẹn gíga wọn, ni ẹ ó sọ di 0dp. Ní tèmi, n kì í fi LinearLayout onípìn-ín sínú òmíràn, nítorí pé fóònù yóò máa tún ohun kan náà wọ̀n. ConstraintLayout, àpótí mìíràn tó ń so àwọn ohun inú rẹ̀ mọ́ ara wọn, sàn jù níbẹ̀.