Mọ́tò wo ló sáré jù láyé? Èwo ló wọ́n jù, èwo ni kì í jẹ epo?

Thrust SSC ló sáré jù. Lọ́dún 1997, Andy Green wà á ní aṣálẹ̀ Black Rock, ní Amẹ́ríkà: kìlómítà 1,228 láàárín wákàtí kan. Ó yára ju ìró lọ! Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú méjì ló gbé e sáré, awakọ̀ jókòó sáàárín wọn. Kò lo táyà rọ́bà rárá, alumíníọ́ọ̀mù gbá ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ká ní Ṣágámù ló ti gbéra, ìṣẹ́jú mẹ́ta kò ní pé tí á fi dé Ìjẹ̀bú-Òde.

Ní ti owó, wọ́n ta Mercedes 300 SLR kan ní mílíọ̀nù 135 yúrò lọ́dún 2022.

Volkswagen XL1 lèmi fẹ́ràn jù: tí bátìrì bá ń ràn án lọ́wọ́, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kò ní tán kó tó rin kìlómítà 100.